Àmì Tí Aparẹ́ Kò Rí Pa

Aránṣọ kan wà tó máa ń gba àdúrà kan náà láràárọ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé máṣìnnì rẹ̀: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ òun di ẹni tí èèyàn ń wò tí wọn kò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tó fi ń gbà á. Ó kàn ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí èémí ni. Lẹ́yìn náà yóò ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò fẹ́jú mọ́ ọn nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Obìnrin ni, ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì ń gbé ní ìlú mìíràn tó jìn, nínú yàrá kan ní àjà kẹrin, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan. Bó bá na ọwọ́ ọ̀tún, ó kan ògiri. Bó bá na ti òsì, ó kan ilẹ̀kùn. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìbá ẹnikẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àmọ́ nínú géèmù ogun kan tí wọ́n ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ Ológoṣẹ́. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, nítorí ó kéré, ó yára, kì í sì í bà síbì kan pẹ́. Àwọn mẹ́ta mìíràn ló wà nínú ikọ̀ rẹ̀: Olórí, tó máa ń pàṣẹ bíi pé ó ń tọrọ àforíjì, Ẹlẹ́rìn-ín, tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá pa á, àti Ajá-Ọdẹ, tó máa ń fi ahọ́n ta òkè ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, kọ́, kọ́, kọ́, kó tó já wọ ilé tí ọ̀tá wà. Wọn kò rí ojú ara wọn rí. Ohùn ni wọ́n fi mọ ara wọn.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni Ológoṣẹ́ fi ń gbọ́ wọn, èyí tó máa ń dé sórí tó sì bo etí méjèèjì. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un lọ́jọ́ tó kúrò nílé. Nígbà tí ọrùn ẹ̀rọ náà ṣẹ́ tí ó gbé e lọ bá a nílé, ìyá náà fi òwú pupa wé e, ó rán an mọ́lẹ̀ gírígírí bí ẹni rán ọwọ́ ẹ̀wù, ó ní, "Kí o lè máa gbọ́ mi dáadáa ni mo ṣe rà á o, kì í ṣe ìró ìbọn nìkan." Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán lójoojúmọ́, ìyá náà máa ń pè. Kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Oríkì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kì.

"Ẹyẹ kékeré orí òrùlé mi. Ọmọ abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so aṣọ ńlá pọ̀. Ọmọ òwú pupa tí oòrùn pa títí tí kò ṣá. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, màámi."

Irọ́ ni nígbà mìíràn.

Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ nígbà náà. Ikọ̀ tó bá gba ipò kìíní, ilé-iṣẹ́ kan yóò gbà wọ́n síṣẹ́ pátápátá, yóò fún wọn ní ilé àti owó oṣù. Ológoṣẹ́ ti yan yàrá tí ìyá rẹ̀ yóò máa gbé nínú ilé tí kò tíì rí: fèrèsé méjì, ìmọ́lẹ̀ rẹpẹtẹ, kí ó yé fẹ́jú mọ́ abẹ́rẹ́. Nítorí yàrá yẹn ló ṣe ra nǹkan kékeré kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ kí ó rí ọ̀tá láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló lò ó.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Àwọn aláṣẹ géèmù náà kọ ìlà kan síbẹ̀: A ti lé ẹ̀rọ yìí kúrò títí láé.

Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ, wọn ò kọ Ológoṣẹ́. Ó rò pé ó rọrùn. Ó ṣí àkáǹtì tuntun, ó fi orúkọ mìíràn wọlé. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n tún lé e. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ pátákó inú kọ̀ǹpútà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà ara dísìkì, nọ́ńbà ohun tó fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ bí ọlọ́pàá ṣe ń gba àtẹ̀ka ọ̀daràn. Ó pààrọ̀ dísìkì. Wọ́n lé e. Ó gba ètò ọ̀fẹ́ kan tó ní òun lè fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà irọ́. Lọ́jọ́ kejì, páswọ́ọ̀dù tó fi ń ka lẹ́tà rẹ̀ ti yí padà, ẹnì kan tó jìnnà sì ti ń fi àwòrán rẹ̀ kí àwọn èèyàn kiri.

Ó jókòó síwájú ojú dúdú náà. Kò sí ohùn kankan nínú etí rẹ̀. Ó wá mọ bí yàrá náà ṣe dákẹ́ tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ajá-Ọdẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà ilé kan àti orúkọ òpópónà kan. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: Wọ́n ń pè é ní Aparẹ́. Òun ló ṣe tèmi. Ìwọ nìkan ni kí o lọ.

Ta ni ì bá mú dání?

*

Òpópónà náà kún fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn irin wọn. Oòrùn mú, eruku dúró lójú kan. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣí: A Ń TÚN KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE. Nínú ibẹ̀, wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú kọ́ sára ògiri bí ẹran tí wọ́n bó láwọ, wáyà wọn já sílẹ̀ bí ìfun. Ọkùnrin kan jókòó sáàárín wọn. Àgbàlagbà ni, ó mọ́ tónítóní, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tó gùn dé ìgúnpá.

"Ìwọ ni Ológoṣẹ́," ló wí.

"Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìrìn rẹ ni. Àwọn tí wọ́n lé jáde máa ń rìn bí ẹni tó ń bẹ ilẹ̀. Gbé e kalẹ̀."

Ó tú kọ̀ǹpútà náà láìwo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè yí nọ́ńbà rẹ̀ padà?"

"Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń yí nọ́ńbà padà. Wọ́n á parọ́ lóde, inú á máa sọ òótọ́. Èmi kì í yí àmì padà. Mo máa ń pa á rẹ́ ni."

"Èló ni, bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ kéékèèké, ó funfun, ó tò bí kíbọọ̀dù. "Ṣé mo bi ọ́ léèrè owó ni? Owó ni ìwọ fúnra rẹ máa rí, títí yóò fi sú ọ. Àmì kan fún àmì kan ni tèmi. Ẹ̀rọ rẹ ní mẹ́ta, ìwọ náà ní mẹ́ta. Bóyá ọ̀kan á tó."

Ó yẹ kí ó sá. Àmọ́ níbo ló máa sá sí? Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri náà ló kù.

Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló lọ sísàlẹ̀. Yàrá ibẹ̀ kò ní fèrèsé. Ó tutù bí inú fíríìjì, ó ń rùn bí wáyà tó jóná. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára ògiri. Láàárín, ọpọ́n gíláàsì ńlá kan kún fún omi dúdú tí kò mì rárá. Aṣọ ìkélé kan pín yàrá náà sí méjì, láti ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìró kan ti ń wá, bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù. Ìka tó ń tẹ kíbọọ̀dù ni. Wọ́n pọ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀, bàbá?"

"Àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Na ọwọ́."

Abẹ náà tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí i kó tó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ kán sórí pátákó kọ̀ǹpútà náà, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ bí omi ṣe ń wọ iyanrìn. Aparẹ́ ti ọwọ́ Ológoṣẹ́ méjèèjì bọ inú ọpọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga:

"Omi kì í rántí ẹni tó wẹ̀. Dígí kì í rántí ẹni tó wò ó lánàá. Afẹ́fẹ́ kì í rántí ẹni tó mí i. Bí wọ́n bá bi omi pé ta lo rí, kí omi wí pé n ò rí ẹnì kan. Bí wọ́n bá bi irin pé ta lo mọ̀, kí irin wí pé n ò mọ ẹnì kan. Omi, gbàgbé. Irin, gbàgbé. Gbàgbé, gbàgbé, gbàgbé."

Omi náà ń mu ìka rẹ̀. Kò tutù, kò gbóná. Ó ń mu ún ni, bí ẹnu ọmọ ọwọ́ tí kò tíì hu eyín. Nǹkan kan ṣí kúrò lórí awọ ara rẹ̀, rọra, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bó ìwé kúrò lára ìgò.

*

Wọn ò lé e mọ́. Orúkọ tuntun ló fi wọlé, àmọ́ àwọn mẹ́ta náà ti mọ ohùn rẹ̀ kó tó parí gbólóhùn kìíní.

"Ẹyẹ ti dé," ni Olórí wí.

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ajá-Ọdẹ nìkan ni kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi jà bí ẹni tí kò ní egungun lára. Wọ́n ń borí, wọ́n ń gòkè nínú ìdíje náà. Àwọn tó ń wò ó ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń fi owó ta á lọ́rẹ láti ibi tí kò mọ̀. Ó ra àga tuntun. Ó ra bàtà aláwọ dídán, kò sì sí ibi tó máa wọ̀ ọ́ lọ.

Fóònù rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún un. Ó gbé àtàǹpàkò lé e kí ó lè ṣí, fóònù ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó nu ìka náà, ó tún gbé e lé e. Ó wá gbé ọwọ́ síwájú ìmọ́lẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń dán, kò sí ìlà kankan lórí wọn, wọ́n dà bí ẹ̀yìn ṣíbí.

"Ìka lásán," ló sọ fún ara rẹ̀. "Ta ló ń wo ìka?"

Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n tún lé e.

"Nǹkan kan kù lára ẹ̀rọ rẹ tí o kò gbé wá," ni Aparẹ́ wí nígbà tó padà lọ.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí, bàbá. Kíbọọ̀dù ni, máòsì ni, wáyà ni. Mo kó gbogbo ẹ̀ wá tán."

"Ó dáa. Tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ, ìwọ ni. Gbé ojú sínú omi."

Ó dúró. Ó rántí ohùn Olórí. Ó gbé ojú sínú omi.

*

Onílé ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tó délé. Ọkùnrin tó máa ń pè é ní "ìwọ ọmọ yìí" ni, tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó jáde gba oòrùn sára. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Èmi ni, bàbá. Àjà kẹrin."

"Ẹ má bínú, mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń gbé àjà kẹrin. Ọmọ tó wà níbẹ̀, àwọn èkúté gan-an ń jáde jù ú lọ. Ẹ dúró kí n bá yín pè é."

Ológoṣẹ́ dúró. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ onílé tó ń gun òkè lọ. Ó gbọ́ ọ tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń dúró, tó tún ń kàn án.

"Ó jọ pé ó ń sùn," ni onílé wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni o. Kò kàn ní ẹnì kan ni."

Ó rìn jáde sí òpópónà bí àlejò, ó dúró síbẹ̀ títí onílé fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, kó tó yọ́ gun òkè lọ sí yàrá ara rẹ̀.

Ojú kan wà nínú dígí. Imú wà, ẹnu wà, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àmọ́ bó bá ti wo ibòmíràn, kò rántí ojú náà mọ́. Ìgbà mẹ́jọ ló wò ó.

Ní agogo mẹ́rin, ìyá rẹ̀ pè é lórí fídíò. Kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ó rán aṣọ kan tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí ni. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó fẹ́jú, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀wọ́, níbo lọmọ mi wà? Kí ló gbé fóònù rẹ̀ dé ọwọ́ yín?"

Ológoṣẹ́ pa àwòrán náà. "Màámi. Èmi ni."

"Háà. Ohùn rẹ nìyẹn. Obìnrin wo ló wà ní yàrá rẹ? Mo wo ojú ẹ̀, ojú náà ò jókòó sí mi nínú. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ o."

"Ó ti lọ, màámi."

Ìyá náà kì í ní oríkì rẹ̀. Ó fa oríkì náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò bóyá nǹkan kan ti sọnù níbẹ̀.

*

Ó ku ọ̀la kí ìdíje parí. Ikọ̀ wọn ti dé ìpele ìkẹyìn. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ojú kọ̀ǹpútà tún dúdú.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ó dúró níbẹ̀. Àmọ́ lóde, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń sọ pé ẹyẹ ti dé ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ yìí. Ó tẹ Aparẹ́ láago.

Aparẹ́ bi í pé, "Kí lo fi ń gbọ́ ohùn wọn?"

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orí. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìgbà tó ń kó ẹ̀rọ lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń fi í sílẹ̀ sí. Kò kà á mọ́ ẹ̀rọ rí. Ohun ìyá rẹ̀ ni.

"Òun náà ní nọ́ńbà nínú," ni Aparẹ́ wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, òun ló ń lọ sọ fún wọn pé ìwọ ni. Gbé e wá."

Ó dé e sórí nínú bọ́ọ̀sì, ó so ó pọ̀ mọ́ fóònù inú àpò rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ kí ó di orí òun mú fún ìgbà ìkẹyìn ni. Ẹni tó jókòó tì í wo ojú rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó tún bojú wò ó, ó sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì bóyá ẹnì kan ti wà níbẹ̀.

Sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, Aparẹ́ gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́.

"Òwú pupa yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Omi mi kò lè wọ inú rẹ̀. Fúnra rẹ ni kí o gé e."

"Kí ni àmì kẹta, bàbá?"

"Ohùn. Lẹ́yìn èyí, ọkàn rẹ á balẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ lé ẹni tí kò sí ẹnì kan láyé tó mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá wo?" ni Aparẹ́ wí, jẹ́jẹ́, bí dókítà.

Sísọ́ọ̀sì ti wà lórí òwú nígbà tó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Kọ́, kọ́, kọ́.

Ó na ọwọ́, ó fa aṣọ náà ya.

Wọ́n tó ogójì. Wọ́n jókòó ní ìlà bí ọmọ ilé-ìwé, ọkùnrin, obìnrin, ìka wọn dídán ń sáré lórí kíbọọ̀dù. Wọ́n ń jà, wọ́n ń borí, Aparẹ́ ló sì ń kó èrè wọn. Bí Ológoṣẹ́ bá wo ojú ẹnì kan tó sì wo ti èkejì, ó ti gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti tín-ín-rín. Ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀kan, wọ́n kọ AJÁ-ỌDẸ. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ìwé ara rẹ̀ ṣì funfun, tuntun ni: OLÓGOṢẸ́.

"Má bínú," ni Ajá-Ọdẹ wí, láìyíjú. Ohùn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kí ó lè máa fi pe àwọn ẹlòmíràn. "Ó ní bí mo bá mú ẹnì kan wá, òun á dá ojú mi padà. Mo ní ọmọ nílé. Ó ń sá fún mi."

Ọwọ́ méjì di ọrùn Ológoṣẹ́ mú láti ẹ̀yìn. Sísọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀. Aparẹ́ wọ́ ọ padà sídìí ọpọ́n, ó tẹ orí rẹ̀ sísàlẹ̀, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ara rẹ̀ sókè sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nínú ìjàkadì náà, ìbọ̀wọ́ kan ká sísàlẹ̀. Ó rí apá ọkùnrin náà. Àtẹ̀ka ló bò ó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtẹ̀ka, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n ń rá rọra bí eṣúṣú lábẹ́ awọ.

"Omi kì í rántí ẹni tó wẹ̀," ni Aparẹ́ ń wí sí i létí. "Dígí kì í rántí ẹni tó wò ó lánàá."

Agogo mẹ́rin lù.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá bọ́tìnnì kan. Bọ́tìnnì kò béèrè àtẹ̀ka, ó kàn fẹ́ kí wọ́n tẹ òun ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sì ti hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà bọ inú omi.

"Ẹyẹ kékeré orí òrùlé mi," ni ohùn ìyá rẹ̀ wí láti inú omi.

Omi náà mì.

"Yọ ọ́," ni Aparẹ́ wí. "Yọ ọ́ kúrò nínú omi mi." Ó fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọpọ́n, ó ń wá a. Ológoṣẹ́ fa ọwọ́ tirẹ̀ yọ.

"Ọmọ abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so aṣọ ńlá pọ̀. Ọmọ òwú pupa tí oòrùn pa títí tí kò ṣá. Ṣé o ti jẹun?"

Omi tí kì í rántí, ó rántí. Ó rántí gbogbo ẹni tó ti gbé mì. Ojú gòkè láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú lórí ojú, wọ́n fẹ́lẹ́ bí awọ orí wàrà gbígbóná. Àtẹ̀ka gòkè bí ìdin. Ohùn gòkè, wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n ń wá ara tí wọ́n máa wọ̀, ara kan ṣoṣo ló sì wà nínú omi náà.

Wọ́n gba ìka wọ inú Aparẹ́. Wọ́n gun apá rẹ̀, wọ́n gun èjìká. Ojú kan là sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, òmíràn là sí iwájú orí, ẹnu obìnrin kan là sí ọrùn rẹ̀, ó sì ń ké. Òun fúnra rẹ̀ kò lè ké. Àtẹ̀ka ti kún ẹnu rẹ̀, ìlà lórí ìlà, títí ètè méjèèjì fi lẹ̀ mọ́ ara wọn tí kò sí ẹnu níbẹ̀ mọ́. Imú rẹ̀ dí. Ó ṣubú, ó ń fi ọwọ́ họ ibi tí ẹnu wà tẹ́lẹ̀. Ojú tirẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n bí i mọ́, ló rì kẹ́yìn.

Iná pupa kú. Kíbọọ̀dù dákẹ́. Nínú òkùnkùn, ogójì àga yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ológoṣẹ́ fọwọ́ wá hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà nínú omi tó ti di omi lásán, ó rí i, ó sì gun àtẹ̀gùn mọ́kànlá. Wọ́n ń tẹ̀ lé e. Nínú oòrùn agogo mẹ́rin, lójú òpópónà tí kò sí ẹnì kan, wọ́n dúró, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ojú ara wọn. Ojú kò padà. Gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹni tó kú sísàlẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè, pẹ̀lú ohùn Ajá-Ọdẹ.

"Èmi ni," ni Ológoṣẹ́ wí.

Ajá-Ọdẹ rìn lọ síbi tó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ wà.

Kí Ológoṣẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Olórí: Mo lo ojú ẹ̀yìn ògiri, ìdí tí wọ́n fi lé mi nìyẹn. Ẹ má retí mi lọ́la. Olórí kọ ọ́ pé: Ká ní o ti sọ fún wa nígbà náà, à bá dúró dè ọ́.

*

Ìyá náà ń rán aṣọ nígbà tí Ológoṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé. Kí lẹ fẹ́ rán?"

"Màámi."

Ẹsẹ̀ ìyá náà dúró lórí máṣìnnì. Ó wò ó. Ó fẹ́jú bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ mọ́ abẹ́rẹ́, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì rí ibi tó máa dì mú.

"Ẹ má fi ọmọ mi ṣeré," ló wí. "Mo pè é lánàá, mo gbọ́ omi, mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ké, ìpè sì já. N ò tíì jẹun láti ìgbà náà. Ẹni yòówù kí ẹ jẹ́, ẹ má fi ohùn ọmọ mi ṣeré."

Ológoṣẹ́ kò sún mọ́ ọn. Ó gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, láàárín ègé aṣọ, ó sì padà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti kú. Ìyá náà gbé e, ó fọwọ́ tẹ̀ lé òwú pupa náà yíká títí ìka rẹ̀ fi kan kókó tó wà nísàlẹ̀, kókó tí òun fúnra rẹ̀ ta, tí kò sí aránṣọ mìíràn tó ń ta bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Mo parọ́ nínú eré, màámi, wọ́n sì lé mi," ni Ológoṣẹ́ wí. "Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń pa àmì rẹ́. Wọ́n pa tèmi rẹ́. Yàrá tó ní fèrèsé méjì ni mo ń wá fún yín."

Ìyá náà dìde, ó fi tábìlì sílẹ̀, ó ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tún wo ojú náà, ẹ̀rù sì tún bà á, ó dúró. Ó wá pa ojú ara rẹ̀ méjèèjì dé. Ó na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú, ó rí èjìká, ó rí ọrùn, ó di í mú.

"Máa sọ̀rọ̀," ló wí.

"Kí ni kí n máa sọ, màámi?"

"Ohunkóhun. Bí mo bá lajú, mi ò ní mọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, máa sọ̀rọ̀."